Ṣé O Mọ̀? Nígbà Tí Ohun Tó Ń Mú Búrẹ́dì Bu Bá Wọ Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó mú búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin bu lórí tábìlì rẹ ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, ní ìbátan tó lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn láì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀hún? Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni orúkọ ìdílé wọn. Olú tí ìyá àgbà ń fi se ọbẹ̀ wà nínú ìdílé yìí. Ìwúkàrà wà níbẹ̀. Làpálàpá orí ọmọ iléèwé náà wà níbẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìwà ni wọn ò jọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá ń kà á, ẹ bá mi fi "ẹ" rọ́pò gbogbo "o" tí ẹ bá bá pàdé. Bí wọ́n ṣe ń béèrè "Ṣé o mọ̀" nìyẹn, n kò rí yín fín.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í ṣe ewéko? Ní 1969 ni Robert Whittaker, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ìjọba tiwọn. Ṣáájú ìgbà náà, àárín ewéko ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kà wọ́n mọ́. Ẹranko ni wọ́n súnmọ́ ju igi lọ. Ohun líle tó wà nínú èèpo akàn àti ti tata náà ló wà nínú ògiri tó yí ara wọn ká. Èyí ló sì dá wàhálà oògùn sílẹ̀: bí ọ̀tá ẹni bá fara jọ ẹni, oògùn tó fẹ́ pa á lè ṣèèṣì kan ẹni.

Ṣé o mọ̀ pé ooru ara rẹ gan-an ni odi àkọ́kọ́? Ọ̀pọ̀ jù lọ fọ́ńgọ́ọ̀sì ni kò lè fara da 37°C. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀lọ́ tí ara rẹ̀ tutù ní ìpakúpa káàkiri ayé, tí ènìyàn sì ń rìn kọjá láìmọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ etí omi ni mo wí o, kì í ṣe ọpọlọ inú orí. Ọpọlọ inú orí ń bọ̀ níwájú. Ìwọ̀nba àwọn tó lè gbé nínú ooru wa ni à ń bẹ̀rù.

Ṣé o mọ̀ pé mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn ju ọmọ ìka ọwọ́ rẹ tó kéré jù lọ. Iṣan 31 ló yọ jáde lápá ọ̀tún rẹ̀, 31 lápá òsì. Egungun bò ó, awọ mẹ́ta wé e, omi sì yí i ká. Gbogbo omi ọ̀hún, tòun ti èyí tó yí ọpọlọ ká, jẹ́ nǹkan bíi 150 mílílítà; kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta píọ́ wọ́tà. Síbẹ̀, ara ń ṣe tó odidi píọ́ wọ́tà kan jáde lójúmọ́, ó ń fà á mu padà, ó tún ń ṣe òmíràn.

Ibi tó há bẹ́ẹ̀ kò gba àlejò. Kókó tó tó hóró ẹ̀wà kan lè tẹ okùn náà mọ́ egungun, kí ẹsẹ̀ méjèèjì dákẹ́.

Báwo ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń débẹ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. Èémí ni àkọ́kọ́: a mí i símú, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sókè. Egungun ni èkejì: ó kọ́kọ́ jẹ egungun ẹ̀yìn, ó wá tẹ okùn tó wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni ẹ̀kẹta: ènìyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Ọ̀nà kẹta yìí ni n ó jókòó tì nígbà tó bá yá, torí ìtàn rẹ̀ ń bí mi nínú.

Ó ṣọ̀wọ́n, ká má purọ́. Ẹni tó bá ní kòkòrò HIV tí kò lo oògùn, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò gbọ́ràn, ẹni tó ń lo sìtẹ́rọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́: àwọn wọ̀nyí ni ọmọ ogun ara wọn ti rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra dexamethasone ní kẹ́míìsì kí ẹ lè sanra kí ayẹyẹ ìgbéyàwó tó dé, ẹ wà lára àwọn tí mò ń bá wí.

Ṣé o mọ̀ pé yírùnyírùn, àìsàn awọ tó wé ọpọlọ àti okùn ọ̀hún, ju ẹyọ kan lọ? Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń jà nígbà ẹ̀rùn láti Senegal títí dé Ethiopia, bakitéríà ló ń fà á. Ó ń ràn, ó sì lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ kan. Ti fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Jẹ́jẹ́ ló ń yọ́ wọlé: orí á máa fọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibà á máa wá tí oògùn ibà kò ní ràn, ojú á máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Àwọn ará ilé á sọ pé ìrònú ni. Àwọn mìíràn á sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Cryptococcus ni orúkọ ẹni tó ń fa irú yìí jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọdún 1894 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ènìyàn, ní Jámánì, nínú egungun ojúgun obìnrin kan. Ní ọdún kan náà, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Sanfelice rí i nínú omi èso. Ẹ wo bó ṣe ń dọ́gbọ́n rìn: inú egungun, inú èso. Ní 2020, wọ́n ṣírò pé ó mú nǹkan bíi 152,000 ènìyàn tó ní HIV lágbàáyé, ó sì pa 112,000 nínú wọn. Ní ilé wa níbí, Rita Oladele ti Èkó àti David Denning ti Manchester ṣe ìṣirò ní 2014 pé àwọn tó ń mú lọ́dún ní Nàìjíríà lé ní 50,000. Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ ńkọ́, mélòó nínú wọn lo ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò?

Ṣé o mọ̀ pé inú ìgbẹ́ ẹyẹlé ni Cryptococcus fẹ́ràn láti máa gbé? Emmons, ará Amẹ́ríkà, ló fi èyí hàn ní 1955. Ní Jos, àwọn onímọ̀ rí i nínú ìgbẹ́ ẹyẹ ọ̀sìn ní àwọn ọdún 1990. Ẹyẹlé fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣàìsàn rẹ̀, torí ara ẹyẹlé gbóná ju tiwa lọ, ó lé ní 40°C. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Òótọ́ ni. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà kì í yẹrí. Bó ti gbẹ tó lórí àjà, fọ́ńgọ́ọ̀sì ọ̀hún lè wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ìgbálẹ̀ kan á wá tú u sínú afẹ́fẹ́. Ìwọ tí o ń sin ẹyẹlé ní agbolé, n kò ní kí o pa wọ́n. Wọ́n omi síbẹ̀ kí o tó gbá a, kí o sì fi nǹkan bo imú.

Ṣé o mọ̀ pé tàdáwà ni wọ́n fi ń mú Cryptococcus? Ọmọ Ìlọrin tó bá ti jókòó níwájú àáfà pẹ̀lú wàláà lórí itan mọ ohun tí tàdáwà jẹ́. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á kán omi ẹ̀yìn aláìsàn sórí dígí pẹlẹbẹ, wọ́n á kán yíǹkì dúdú kan tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tàdáwà sí i, wọ́n á sì fi máíkírósíkóòpù wò ó. Cryptococcus wọ ẹ̀wù kan tó nípọn, tó ń yọ̀ bí ilá. Yíǹkì kò lè wọ inú ẹ̀wù yẹn. Gbogbo ilẹ̀ á ṣú, òun á dá funfun láàárín, pẹ̀lú òbìrí ìmọ́lẹ̀ yí i ká, bí òṣùpá alẹ́ kẹrìnlá. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa àìsàn, n kò rí èyí tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, tó sì burú tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí hàǹtú nínú tàdáwà yìí o. Wíwò ni, kì í ṣe mímu.

Yíǹkì lè fo àwọn kan. Ìdí nìyẹn tí ohun èlò àyẹ̀wò pẹlẹbẹ kékeré kan fi jáde, ó jọ èyí tí àwọn obìnrin fi ń wo oyún. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí omi ẹ̀yìn díẹ̀, ìṣẹ́jú 10, ìlà méjì: ó ti hàn. Kò nílò iná mànàmáná. Ohun tí kò nílò iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ẹ bá mi dúpẹ́ lórí rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ ká tó kúrò nídìí omi ẹ̀yìn. Bí dókítà bá sọ pé òun fẹ́ fa omi ẹ̀yìn, ìdajì àwọn ẹbí á dìde dúró. "Dókítà, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fà á lára rẹ̀ kì í rìn mọ́." "Dókítà, àbúrò ìyá mi, kété tí wọ́n fà á ló kú." Ṣé o mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jọ òótọ́? Ìgbà tí àìsàn bá ti wọra tán ni a sábà máa ń gbà kí wọ́n fà á, ikú á wá dé, abẹ́rẹ́ á sì gba ẹ̀bi. Mùdùnmúdùn náà fúnra rẹ̀ ti parí sí òkè ìbàdí, níbi egungun ìbàdí kìíní tàbí èkejì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, láàárín egungun kẹta àti ìkẹrin tàbí ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Kò sí okùn níbẹ̀ mọ́. Iṣan wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú omi ló kù. Heinrich Quincke ló kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Kiel ní Jámánì ní 1891, ó sì ti lé ní 130 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é káàkiri ayé.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu: nínú yírùnyírùn Cryptococcus, omi ẹ̀yìn fífà jẹ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Omi náà máa ń ru gùdù, á máa ti ọpọlọ, á máa fọ́ ojú. Fífà díẹ̀ kúrò lójoojúmọ́ títí ara á fi rọlẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Ohun tí ẹbí ń sá fún ni yóò mú orí fífọ́ náà lọ.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ wa pè? Histoplasma ti Áfíríkà ni. Ìtàn orúkọ ọ̀hún pa mí lẹ́rìn-ín. Samuel Darling, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Panama nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ipadò ńlá ibẹ̀, ló rí Histoplasma ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ó rò pé kòkòrò bíi ti ibà ni, ó sì rò pé ó wọ ẹ̀wù. Kì í ṣe kòkòrò bẹ́ẹ̀, kò sì wọ ẹ̀wù, àmọ́ orúkọ ti mọ́ ọn lára, wọn ò yí i padà. Ti ilẹ̀ Áfíríkà, Vanbreuseghem ará Belgium ló sọ ọ́ ní duboisii ní 1952. Ó tóbi ju ti Amẹ́ríkà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Awọ ara, kókó ọrùn àti egungun ló ń bá jà: egungun orí, ìhà, àti egungun ẹ̀yìn. Èyí tó sì yẹ kó kọ wá lóminú ni pé ó máa ń mú ẹni tí kò ní HIV, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Níbo ló ń gbé? Ní 1994, Gugnani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí i nínú erùpẹ̀ ihò àpáta Ogbunike ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí àdán pọ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn ènìyàn ń lọ ṣe ọdún níbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò sì ń lọ ya fọ́tò. Ìgbẹ́ àdán àti ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá fún irú wọn. Rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ní kí o wá bá wọn kó ìdọ̀tí inú àjà ilé àtijọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́ ayé ní ohun tí àìsàn yìí ń ṣe sí egungun? Ní 1964, Peter Cockshott, tó ń wo fọ́tò egungun ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀, àti Adetokunbo Lucas kọ ìwádìí lé e lórí, títí di òní sì ni àwọn oníṣègùn ń tọ́ka sí i. Lucas ọ̀hún ló wá darí ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru fún Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1976 títí di 1986. Ó kú ní ọjọ́ Kérésì, 2020.

Ká sọ pé ìyá kan ń mọ ìkòkò ní Dáda, ní Òkèlélé. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní ìtẹríba ni. Wọ́n fún un ní àgbo lákùrègbé. Oṣù méjì kọjá, ó ń rù, ẹsẹ̀ ń wúwo bí ẹni pé amọ̀ ló dì mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn UITH." Ó ní, "Ẹ̀yìn lásán ni, ọmọ mi, n ó ṣì san owó ìdáná." Nígbà tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò wá mọ́ ni wọ́n tó gbé e. X-ray fi hàn pé egungun ẹ̀yìn méjì ti jẹrà. Kí ni dókítà yóò kọ́kọ́ rò? Ikọ́ ife ni, ti ẹ̀yìn. Kò sì ṣìnà, torí ikọ́ ife ló wọ́pọ̀ jù. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ará Lọ́ńdọ́nù, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti 1779, ọ̀pọ̀ abuké tí a rí ní kékeré ló sì jẹ́ pé òun ló mú wọn, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá wọn.

Àmọ́ X-ray kò mọ ìyàtọ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì jẹ egungun, ikọ́ ife jẹ egungun, jẹjẹrẹ náà jẹ egungun; àwòrán tó jọra ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ MRI ń ṣe dáadáa jù, ó ń fi okùn náà hàn àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ kò lè pe orúkọ ọ̀tá. Bí wọ́n bá fi oògùn ikọ́ ife lé ìyá yẹn lọ́wọ́, tí oṣù mẹ́fà pé, tí ẹsẹ̀ kò sì gbéra, àwọn ará ilé á sọ pé oògùn òyìnbó kò ràn án. Oògùn ń ràn. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń lé.

Ọ̀tá ń sọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí a bá gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, tí a sì gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni, gbígbìn, bí ẹni gbin àgbàdo. Wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n ń sè fún un, tí wọ́n fi orúkọ Sabouraud, oníṣègùn awọ ará Faransé, pè. Histoplasma lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó hù. Ẹni tó bá da àwo nù ní ọjọ́ kẹta torí pé kò rí nǹkan ti pàdánù rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó bá rọ ni ká tún máa wá fọ́ńgọ́ọ̀sì sí o. Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, fi àwọn ọdún 1960 àti lẹ́yìn rẹ̀ wo àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, tí ojú wọn ń ṣú, ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní gbogbo ìgbà, ó sì so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe jinná dáadáa. Ọ̀rọ̀ gààrí nìyẹn, ọjọ́ mìíràn lọjọ́ ìtàn rẹ̀.

Ó yá, ìtàn abẹ́rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2012, ní Amẹ́ríkà tí a ń sá lọ fún ìtọ́jú, ilé iṣẹ́ apo-oògùn kan ló gbé fọ́ńgọ́ọ̀sì wọ ẹ̀yìn àwọn ènìyàn? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, dókítà April Pettit ní Nashville, ìpínlẹ̀ Tennessee, ń tọ́jú ọkùnrin kan tó ní yírùnyírùn tí oògùn bakitéríà kò ràn. Omi ẹ̀yìn rẹ̀ hu fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ọkùnrin náà kò ní HIV, kò ní jẹjẹrẹ. Dókítà yìí béèrè ìbéèrè kan tí mo gbóríyìn fún: kí ni wọ́n ṣe sí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí? Wọ́n ní wọ́n gún un ní sìtẹ́rọ́ọ̀dù sẹ́yìn, torí ẹ̀yìn dídùn. Ó fi tó ìjọba ìpínlẹ̀ létí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹlòmíràn yọjú, òmíràn tún yọjú.

Ilé iṣẹ́ New England Compounding Center, ní Framingham, Massachusetts, ló po oògùn náà. Àwọn tí wọ́n gún ún fún lé ní 13,000. Àwọn tó ṣàìsàn jẹ́ 753, ní ìpínlẹ̀ 20. Ẹni 64 ti kú nígbà tí ìjọba parí kíkà wọn, àwọn mìíràn sì tún kú lẹ́yìn náà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n bá lára èyí tó pọ̀ jù ni Exserohilum, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ba ewé koríko àti ti àgbàdo jẹ́. Àgbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, oníṣègùn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù tó wà nínú ìgò kan náà ló tún mú ọmọ ogun ara sùn kí àlejò tó wọlé. Barry Cadden tó ni ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn mìíràn wọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án ní 2017; ní 2021, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ di ọdún 14 àti ààbọ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Mexico. Ní Durango, ní 2022, àwọn ìyá tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún wọn kó fọ́ńgọ́ọ̀sì Fusarium. Àwọn tó kú lé ní 30. Ní Matamoros, ní 2023, àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà ló kàn. N kò sọ èyí kí aboyún Ìlọrin lè máa sá fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ yẹn ti wà láti 1898, ó sì dára ju kí wọ́n pa ènìyàn sùn lọ fún ọ̀pọ̀ aboyún. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ìgò oògùn ni ká máa wò: kí wọ́n ṣí i tuntun, kí wọ́n má ṣe bu ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

Oògùn ńkọ́? Amphotericin B ni àgbà wọn. Inú erùpẹ̀ etí odò Orinoco ní Venezuela ni wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe é, ní àwọn ọdún 1950. Erùpẹ̀ ló bí àrùn, erùpẹ̀ ló bí oògùn. Ó ń lu ihò sí ara fọ́ńgọ́ọ̀sì, àmọ́ ó ń fojú kan kíndìnrín, ó sì ń mú kí aláìsàn máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dè. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi iyọ̀ sí i lára kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé rọrùn fún ara, ó sì wọ́n. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún nílẹ̀ Áfíríkà, tó jáde ní 2022, fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó pọ̀ tó irú èyí, pẹ̀lú oògùn ẹnu ọjọ́ 14, tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yírùnyírùn Cryptococcus fún ẹni tó ní HIV. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á lọ́dún kan náà. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò mílígíráàmù 600. Mílígíráàmù 50 ló wà nínú ìgò kan. Ìgò 12, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Flucytosine tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀, jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe é fún ní 1957, kò ràn án, ó wá di apafọ́ńgọ́ọ̀sì. Itraconazole ni ti Histoplasma, fún oṣù mẹ́fà títí dé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Voriconazole ni wọ́n lò jù fún àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn kan rí àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ìbátan rẹ tó wà ní Arizona tó bá sì ní yírùnyírùn Coccidioides, tó ń ti inú eruku aṣálẹ̀ ibẹ̀ wá, fluconazole rẹ̀ kò ní parí láyé rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn ikọ́ ife lè ba oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì jẹ́? Rifampicin máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ itraconazole dànù, débi pé èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní tó nǹkan. Nítorí náà, "ẹ ṣáà fún un ní méjèèjì" kì í ṣe ọgbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni dexamethasone: ìwádìí kan tó jáde ní 2016 fi hàn pé ó pa àwọn aláìsàn Cryptococcus tó ní HIV lára dípò kó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà mìíràn, oògùn nìkan kò tó. Bí kókó bá ti tẹ okùn, ọ̀bẹ ló kù. Kí ó tó di 1962, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn nílẹ̀ yìí. Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, ló dé láti Amẹ́ríkà sí Ìbàdàn lọ́dún yẹn. Akéwì ni pẹ̀lú. Ọdún 12 péré ló lò kó tó kú ní 1974, ẹni ọdún 47.

UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún lo ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà àti Màtánítì láàárín ìgboro kó tó kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn bá ń dun ènìyàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń rọ, tí abẹ́ rẹ̀ kú tàbí tí ìtọ̀ kọ̀, má dúró de ọ̀la, má dúró de àgbo. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbéra. Wákàtí ló ń pinnu bóyá ẹsẹ̀ yóò padà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, èyí tí mo torí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹbí aláìsàn ló máa ń gbé ẹran tí wọ́n gé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìwọ ni, pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Inú fọ́málíìnì ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, kí ó má baà bàjẹ́, kí wọ́n lè gé e pẹlẹbẹ wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fọ́málíìnì ń pa ohun alààyè inú rẹ̀, ohun tó bá sì ti kú kì í hù. Ìgò méjì ló yẹ: ọ̀kan nínú fọ́málíìnì, èkejì nínú omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò, kí wọ́n wá ikọ́ ife àti fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta ọ́ nímú, má tíì jáde. Padà wọlé, kí o sì bi wọ́n pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí wọ́n máa gbìn ńkọ́?"